Ọwọ́ Tó Yí Kọ́kọ́rọ́

Ìyá Ẹyinjú ò mọ iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ohun tí ọkùnrin náà sọ fún un nígbà tí wọ́n fẹ́ ara wọn ni pé jẹnẹrétọ̀ àwọn ológun lòun ń tọ́jú, obìnrin náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ nílé, á fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Bàbá Ẹyinjú, ẹni tó ń tan iná fún gbogbo sójà, òkùnkùn ni ìyàwó rẹ̀ ń bá ṣeré." Ọkọ á rẹ́rìn-ín, á lọ mú tọ́ọ̀ṣì.

Kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Inú yàrá kan lábẹ́ òkè ni Bàbá Ẹyinjú ń jókòó sí. Ilẹ̀kùn irin, ògiri sìmẹ́ńtì, àga méjì tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, àti tábìlì gígùn kan tó kún fún bọ́tìnnì àti iná kéékèèké. Ihò kọ́kọ́rọ́ kan wà níwájú àga kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dìídì jẹ́ kí ihò méjèèjì jìnnà síra, kí apá ẹnì kan ṣoṣo má bàa ká a; èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jọ yí kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá yí i, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nínú kòtò lẹ́yìn òkè á gbéra tòun ti bọ́ǹbù átọ́míìkì lórí rẹ̀. Ìlú tó bá bọ́ sí, àwọn tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ á máa jowú àwọn tó ti lọ.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn níbi iṣẹ́ ni pé ohun ìjà náà kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ lò. Ẹ̀rù ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀tá bá mọ̀ pé ilé òun náà á jó bí òun bá ṣáná sí tìrẹ, á ti ìṣáná bọ àpò padà. Bàbá Ẹyinjú gba ẹ̀kọ́ yìí gbọ́ tọkàntọkàn. Ó gbà pé àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ogun wọ̀lú, àti pé òun á fẹ̀yìn tì láìyí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òun á sì fi ọwọ́ tó mọ́ gbé ọmọ ọmọ òun.

Aláwàdà ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó. Ó kéré sí Bàbá Ẹyinjú dáadáa, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Bí kò bá rí ẹni tó máa bú, á bú imú ara rẹ̀, á ní imú òun ló kọ́kọ́ ń débi iṣẹ́, òun á wá máa tẹ̀ lé e bọ̀. Bàbá Ẹyinjú fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò. Síbẹ̀, ìbọn ìléwọ́ kọ̀ọ̀kan wà lára ìgbànú àwọn méjèèjì, kì í sì í ṣe tìtorí ọ̀tá. Ta ni ọ̀tá tó máa rí abẹ́ òkè wọ̀? Tìtorí ara wọn ni. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti yí kọ́kọ́rọ́, kí èkejì fi ìbọn bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Bàbá Ẹyinjú bí. Ìyá rẹ̀ ti sunkún ọmọ títí, ojú rẹ̀ ti gbẹ, kí èyí tó dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹyinjú. Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ awò ojú, ó sì fẹ́ dókítà eyín kan tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kejì, lódìkejì odò. Ìlú èbúté ni tọkọtaya náà ń gbé. Lásìkò yẹn, ọ̀rẹ́ ni ilẹ̀ méjèèjì. Afárá tó wà lórí odò náà, ẹni tó bá fẹ́ gbà á gba ibẹ̀.

Nígbà tó yá ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́. Àwọn ará òdìkejì kọ́kọ́ gba erékùṣù kékeré kan tó jẹ́ pé ẹyẹ nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ta ló fẹ́ torí ẹyẹ jagun? Lẹ́yìn náà, wọ́n gba òkè kan. Lẹ́yìn òkè, wọ́n gba ibi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀. Bí eku ṣe ń jẹni lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é: wọ́n á jẹ díẹ̀, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹni tó ń sùn ò sì ní ta. Ìgbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ lọ́jọ́ kan, àwọn sójà wọn ti dúró sórí afárá pẹ̀lú ọkọ̀ ogun, wọ́n dojú kọ ìhà ìhín.

Ọ̀gágun wọn bọ́ sórí rédíò, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi wá ṣe? Bọ́ǹbù kẹ̀? Àna wa ni wọ́n o. Ọmọ wọn ló ń gbálẹ̀ ilé wa, ọmọ wọn ló ń ru oyún wa. Ta ló máa sun ilé tí ọmọ rẹ̀ ń sùn sí?" Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gágun tìhín gbọ́ rédíò náà. Ọ̀gá Ẹ̀rín ni gbogbo bárékè ń pè é, torí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ì báà jẹ́ níbi ìgbéyàwó, ì báà jẹ́ níbi ìsìnkú. Ó ní kí wọ́n tún un gbé sí i kóun gbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín bíi tiwọn.

Láàárín àkókò náà, oyún Ẹyinjú ti pé oṣù. Ìyá rẹ̀ ń fi òwú hun fìlà ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbélẹ̀ mọ́.

"Bàbá Ẹyinjú, ẹ bá mi bẹ àwọn ọ̀gá yín. Kí wọ́n jẹ́ kí n kọjá lórí afárá yẹn. Ta ló máa wẹ ọmọ fún un? Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ pé eyín àwọn èèyàn ló mọ̀ ọ́n fọ̀?"

"Wọ́n ti ti afárá, Ìyá Ẹyinjú."

"Mo mọ̀ pé wọ́n ti tì í. Ẹni tó ń tan iná fún wọn ò ha lè tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ wọn?"

Ó ní òun á gbìyànjú. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀sán gangan ni agogo dún lábẹ́ òkè. Aláwàdà ń sọ̀rọ̀ àna rẹ̀ kan tó ń hanrun nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì kú sí i lẹ́nu. Ohùn kan jáde láti inú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri. Ó ní ọ̀tá ti ju tiwọn, ó ti wà lójú ọ̀run, kì í ṣe ìdánrawò. Ó ka ọ̀rọ̀ àṣírí jáde, àwọn méjèèjì sì yẹ̀ ẹ́ wò: ó bá tọwọ́ wọn mu. Lẹ́yìn náà ló ka nọ́ńbà ìlú tí rọ́kẹ́ẹ̀tì máa lọ. Wọ́n mọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ara wọn. Ìlú èbúté ni.

Aláwàdà gbé ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́ bí ẹni tí irin gbígbóná jó.

"Bàbá, ṣebí ibẹ̀ ni ọmọ yín wà?"

"Ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò."

"Ẹyinjú tó lóyún, Bàbá."

"Mo ní ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò."

"N ò ṣe." Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé wọ́n ti ju tiwọn, àwa ti kú nìyẹn. Kí la tún fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá pa mí síbí. N ò ní fi ọwọ́ yìí pa ọmọ yín."

Bí èèyàn bá bi Bàbá Ẹyinjú léèrè lẹ́yìn náà pé kí ló rò lákòókò yẹn, kì í rí nǹkan gidi sọ. Ó fojú inú rí ìyàwó rẹ̀ lójú fèrèsé, pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, ó sì rí iná tó ń bọ̀ wá bò ó mọ́lẹ̀. Bóyá ìbínú ni. Bóyá ìbúra tó ti ṣe ni. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà kí ọkàn rẹ̀ tó dìde ńlẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi jókòó síbẹ̀, nǹkan kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ ọwọ́ yẹn. Ó yọ ìbọn, ó sì gbé ẹnu ìbọn náà lé etí Aláwàdà.

"Yí i."

"Bàbá..."

"Mo máa yìn ín. Yí i."

Aláwàdà ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò. Bàbá Ẹyinjú na ọwọ́ kejì sí tirẹ̀, ó kà á jáde, wọ́n sì jọ yí i.

Òkè ò mì. Kò sí ariwo kankan. Iná kan tí àwọn méjèèjì ò rí rí tàn sórí tábìlì, ó pọ́n roro, ó sì kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ nínú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri. Ilẹ̀kùn irin ṣí, Ọ̀gá Ẹ̀rín wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, àwọn oníkámẹ́rà sì tò tẹ̀ lé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ mí, ẹ mí. Kò sí nǹkan tó lọ síbì kankan. Gbogbo ayé ṣì wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí."

Bàbá Ẹyinjú bì sórí tábìlì. Ẹ̀rín ni Aláwàdà bú sí ní tirẹ̀, ẹ̀rín náà ò sì dáwọ́ dúró, ó ń rín in, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ọlọ́pàá ológun méjì gbá a mú lábíyá, wọ́n gbé e jáde. Ẹni tó kọ̀ láti yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Òun ló kọ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ, òun ni wọ́n gbé lọ. Ẹni tó gbà láti pa ọmọ ara rẹ̀, wọ́n bu omi fún un mu, wọ́n sì bá a nu ẹnu.

Ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Ẹ̀rín, wọ́n gbé tíì síwájú rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló bá a fi ṣúgà sí i.

"O rò pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni pé ìwọ lo wà lórí àga lónìí?"

"N ò mọ̀, sà."

"Mo ní kí wọ́n wá ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìlú èbúté wá fún mi. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ wà. Ọ̀kan ò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ìkejì bí ọmọ rẹpẹtẹ, bí ọ̀kan bá lọ, kò lè tètè mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan lo ní ẹyọ kan, tó o sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú rẹ."

Bàbá Ẹyinjú ti ife tíì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Fetí sílẹ̀ dáadáa. Àwọn èèyàn yẹn mọ̀ pé a ní bọ́ǹbù. Kì í ṣe bọ́ǹbù ni wọn ò gbà gbọ́, àwa ni. Wọ́n ní àánú á ṣe wá. Gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè yìí ná lé rọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo ọdún tá a fi kọ́ ọ, àánú kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di páànù. Bí wọ́n bá sì ti mọ̀ pé páànù ni, wọ́n á gba odò, wọ́n á gba oko, wọ́n á gba ìyàrá tí èmi àtìwọ jókòó sí yìí. Ní báyìí, kámẹ́rà tá a fi pa mọ́ sára ògiri ti ya àwòrán bàbá tó fi ìbọn sí etí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lè rí ọmọ ara rẹ̀ sun. N ò tiẹ̀ fojú sọ́nà fún ìbọn yẹn. Ìbọn yẹn, ẹ̀bùn ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ìyá rẹ̀ ò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe."

"Á mọ̀ lọ́la."

Bàbá Ẹyinjú dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, tòun ti ewú orí rẹ̀. "Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gágun wọn nìkan, sà. Ní kọ̀rọ̀. Ẹ má fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n."

"Èyí tá a bá fi hàn ní kọ̀rọ̀, wọ́n á ní eré la ṣe. Ìwọ lè ṣe eré, èmi náà lè ṣe é." Ọ̀gá Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, ó fà á dìde jẹ́jẹ́, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀. "Ìyá ọmọ ò mọ eré ṣe. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. A máa mú kámẹ́rà wá sílé rẹ. Bó o bá sọ ọ̀rọ̀ kan fún un ṣáájú, Aláwàdà nìkan kọ́ ló máa ṣẹ̀wọ̀n."

Bàbá Ẹyinjú lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ó rí àwọn ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀ nípa afárá. Ó ní wọ́n ní àwọn á rò ó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn oníkámẹ́rà dé. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ fi ọlá fún ọkọ rẹ̀. Inú Ìyá Ẹyinjú dùn débi pé ó sáré wọ yàrá lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó fún wọn lómi, ó bọ́ aṣọ orí àga, ó tẹ́ òmíràn. "Ẹ má wo ilé wa o, iṣẹ́ ìránṣọ ni mò ń ṣe, abẹ́rẹ́ lè gún yín ní ìdí." Wọ́n bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé kámẹ́rà kọjú sí i, wọ́n sì tan tẹlifíṣọ̀n.

Ó rí ọkọ rẹ̀ nínú yàrá kan tí kò mọ̀. Ohùn kan ń ṣàlàyé lórí àwòrán náà, ó ń sọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà wà fún, ó ń sọ ìlú tí wọ́n ní kí rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, ó ní ọkùnrin yìí rò pé òótọ́ ni, ó ní ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní ìlú náà. Ìyá Ẹyinjú rí ìbọn. Ó rí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó yí kọ́kọ́rọ́.

Kò sunkún. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó dúró sẹ́yìn àga. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀.

"Kí lo sọ fún un nígbà tó o gbé ìbọn sí i létí?"

"Mo ní kó yí i."

"Ṣé òun ò fẹ́ yí i?"

"Kò fẹ́."

"Nítorí kí ni?"

Bàbá Ẹyinjú wo àwọn oníkámẹ́rà.

"Mo ní nítorí kí ni?"

"Nítorí Ẹyinjú."

Obìnrin náà mi orí. Ó mú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun fìlà ọmọ náà lọ. Àwọn oníkámẹ́rà wo ara wọn. Ọ̀gá wọn tẹ̀ síwájú, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí lára yín." Kò wo ojú rẹ̀. Wọ́n dúró. Ojú kámẹ́rà ò kúrò lára rẹ̀. Nígbà náà ni fóònù dún, torí wọ́n ti fi àwòrán náà hàn lódìkejì odò lákòókò kan náà, bí Ọ̀gá Ẹ̀rín ṣe pa á láṣẹ.

Ìyá Ẹyinjú gbé fóònù, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ló ké. Igbe náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń ké fún òkú. Òkú ti lọ, èyí ṣì ń pè é. Ó yọ́ bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó di fóònù mọ́ àyà. Oníkámẹ́rà kúnlẹ̀ kó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.

Bàbá Ẹyinjú gba fóònù.

"Ẹyinjú."

"Bàbá mi, ẹ má bínú, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni?"

"Wọ́n ní wọ́n ti ju tiwọn. Mo rò pé ìyá rẹ..."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni?"

"Mo mọ̀."

Ó gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó gbọ́ tí ọkọ ọmọ rẹ̀ ń bi í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé kí ló wí. "Ó dáa, sà," ni Ẹyinjú wí, bí èèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ètò náà ṣiṣẹ́. Àwọn ará òdìkejì wo àwòrán náà, wọ́n tún un wò. Ọ̀gágun wọn ò rẹ́rìn-ín lórí rédíò mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ọkọ̀ ogun wọn ti fẹ̀yìn rìn kúrò lórí afárá. Nígbà tó yá, wọ́n kúrò níbi iyọ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹnì kankan tó kú. Àwọn sójà tó ti kọ̀wé ìdágbére sílé padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn méjèèjì. Ọ̀gá Ẹ̀rín di mínísítà ètò ààbò. Wọ́n fi mẹ́dààlì kọ́ Bàbá Ẹyinjú lọ́rùn.

Bó bá ń lọ ní títì, àwọn ìyá sójà á kúnlẹ̀ fún un. "Ẹ ṣé o, Bàbá. Ọmọ wa ì bá ti kú." Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ìyẹn ló tún mú un burú. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà, bó bá fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn, wọ́n á rọra yí ẹ̀yìn kúrò.

Lódìkejì odò, wọ́n wá mú Ẹyinjú. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ amí bàbá rẹ̀. Àhámọ́ ló bímọ sí. Àwọn ará ibẹ̀ fọ́ ṣọ́ọ̀bù awò rẹ̀, gíláàsì kún ojú títì. Ìjọba wọn ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Ẹ̀rín pé bí wọ́n bá fẹ́ ọmọ ọkùnrin yẹn, kí wọ́n tọrọ rẹ̀, àwọn á dúnàádúrà.

Bàbá Ẹyinjú gba ọ́fíìsì mínísítà lọ. "Sà, ẹ tọrọ rẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àní kẹ́ ẹ kàn ní ẹ fẹ́ ẹ."

"Ṣé orí rẹ pé? Wọ́n ń dán wa wò ni. Bá a bá tọrọ rẹ̀, a ti sọ fún wọn pé ó dùn wá. Ẹni tí ọmọ bá dùn kì í jù ú síná. Ọ̀la ni wọ́n máa padà sórí afárá." Ó gbé ìwé pélébé kan lé e lọ́wọ́. "Àwọn oníròyìn wà níta. Wọ́n máa bi ọ́ nípa rẹ̀. Ohun tó o máa sọ nìyẹn."

Ó jáde sí wọn. Wọ́n bi í. Ó ní, "N ò bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹnikẹ́ni." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ lórí rédíò, ó sì ń di ẹrù.

"Ìyá Ẹyinjú, wọ́n á yìnbọn fún ọ lórí afárá."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò ní yìn ín?"

"Mo ṣe é kí ogun má bàa..."

"Mo gbọ́. Gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú." Ó ti ẹnu báàgì pa. "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Jẹ́ kí n lọ bá tòde."

Ó rìn lọ sórí afárá pẹ̀lú báàgì lórí, fìlà ọmọ lọ́wọ́. Àwọn sójà tìhín mọ̀ ọ́n, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, wọ́n sì jẹ́ kó kọjá. Àwọn tọ̀hún na ìbọn sí i, wọ́n ní kó dúró. Kò dúró. Wọ́n mú un, wọ́n tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ ibi tí wọ́n ti ọmọ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n tì wọ́n pa títí, tí ẹnì kankan ò tọrọ wọn, àwọn ará òdìkejì rí i pé wọn ò níye lórí. Ẹran tí olówó rẹ̀ ò wá, ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ? Wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì ní wọn ò gbọdọ̀ jáde kúrò ní ìlú èbúté láéláé.

Bàbá Ẹyinjú kọ̀wé pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Mínísítà pè é.

"Ta ni wọ́n ń bẹ̀rù lórí àga yẹn bí kì í bá ṣe ìwọ? Bí mo bá fi ẹlòmíràn síbẹ̀, wọ́n á ní bóyá aláàánú ni. Jókòó síbẹ̀, baba. Ọjọ́ tó o bá dìde ni wọ́n máa rékọjá." Ó fọwọ́ lé e léjìká. "Ní báyìí tí ìyàwó rẹ náà ti lọ síbẹ̀, ẹ̀rù wa tún lágbára sí i. A ò tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó lọ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe padà sábẹ́ òkè. Wọn ò yí nọ́ńbà ìlú èbúté padà. Wọ́n fún un ní ọmọbìnrin kan tí wọ́n á jọ máa jókòó, ọmọ tó mọṣẹ́, tó máa ń kí i láàárọ̀, tí kì í sì í sọ nǹkan mìíràn títí tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó gbọ́ pé Aláwàdà ṣì wà lẹ́wọ̀n. Ó lọ kí i lẹ́ẹ̀kan. Aláwàdà wò ó láti ẹ̀yìn irin, ó ní, "Bàbá, ṣé ara le?" gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kí i, ó sì yíjú sí ògiri.

Nígbà tí wọ́n ṣí afárá fún ẹrù, awakọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iyọ̀ láti òdìkejì wá sí ilé ìdáná bárékè. Bàbá Ẹyinjú ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan tí ọkùnrin náà ń sinmi lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó bá a níbẹ̀, ó bi í bóyá ó mọ dókítà eyín kan ní ìlú èbúté.

"Èyí tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìhín? Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ wò ó." Awakọ̀ náà la ẹnu, ó fi ihò kan hàn án. "Òun ló yọ ọ́. N ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó fi yọ ọ́. Àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí ìyàwó. Èmi ò níṣòro, eyín ló ń dùn mí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú."

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà. Ó tún ti ń ṣe awò díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà kan wà pẹ̀lú wọn, òun ló ń bá wọn gbé ọmọ. Obìnrin ni ọmọ náà. Ó ti ń rìn, kò sí nǹkan tí kì í fà lulẹ̀. Ọjọ́ tí mo débẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ mi mú, ó ní kí n gbé òun." Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí ribiti báyìí."

Bàbá Ẹyinjú bi í nípa irun ọmọ náà. Ó bi í bóyá ọmọ náà ń sọ̀rọ̀. Ó bi í ní àwọ̀ bàtà rẹ̀, awakọ̀ náà ò sì rántí. Kò bi í ní orúkọ ọmọ. Ó ń bẹ̀rù kó má lọ mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ti já iyọ̀ tán. Awakọ̀ náà gun ọkọ̀, ó tún bẹjú wolẹ̀ láti ojú fèrèsé.

"Mò ń padà síbẹ̀ lọ́la, Bàbá. Ta ni kí n sọ pé ó ń kí wọn?"

Bàbá Ẹyinjú dúró pẹ̀lú ọwọ́ lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà.

"Má wulẹ̀ kí wọn," ló ní.